Ẹ̀fọ́ Kì í Ṣe Oúnjẹ Ìṣẹ́: Ọ̀nà Ìrọ̀rùn tí Ìdílé Lè Gbà Máa Jẹ Ẹ̀fọ́ Sí I

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Igbó Ẹfọ̀n, Etí-Ọ̀sà, Ìpínlẹ̀ Èkó)



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó ń mú ewéko jáde láti inú ilẹ̀, tí ó sì fi í ṣe oúnjẹ fún ènìyàn àti ẹranko. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀. 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí lè kéré lójú ẹlòmíràn. Ó lè máa wí lọ́kàn rẹ̀ pé, kí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ ń wá láàárín àwùjọ tí a ti ń sọ̀rọ̀ ìrun, àwẹ̀ àti sàká? Èsì rẹ̀ kò jìnnà. Ohun tí Ọlọ́hun fi sí wa níkàáwọ́ ni ara wa jẹ́. Ara tí kò le, ìjókòó ni ó fi ń kírun. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀, bí ó ti wù kí olùkọ́ mọ iṣẹ́ tó, ìwé kò ní í tètè yé e. Ọ̀dọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ríru dá dúbúlẹ̀, ọwọ́ tí ìbá fi wá halaali ni ó fi ń gba oògùn. Àwọn àgbà ní àlàáfíà ni oògùn ọrọ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ohun tí ó ń wọ inú ìkòkò wa kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

BÍ NǸKAN ṢE RÍ LÁDÙÚGBÒ WA

Orúkọ àdúgbò yìí tó láti rán wa létí ohun tí ilẹ̀ náà jẹ́ tẹ́lẹ̀. Igbó ni, ẹfọ̀n ni a sì fi pè é. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ilẹ̀ yìí ti rí kí ilé tó bò ó, kí ó wọ inú ọgbà tí àjọ Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní Lẹ́kí ní 1990, lórí ilẹ̀ héktà 78. Irà, igi àti ewéko ni yóò bá níbẹ̀. Ní ibi púpọ̀ lónìí, iyanrìn ni a fi dí irà náà. Ọ̀nà ńlá tí ó ti Lẹ́kí lọ sí Ẹ̀pẹ́ là á já, ilé sì fara ti ilé láti Jakande títí dé Ajah. Ilẹ̀ tí a lè gbin nǹkan sí ti dín kù. Èyí tí ó kù, iyanrìn ni púpọ̀ nínú rẹ̀, kì í gba omi dúró.

Nítorí náà, ọ̀nà jíjìn ni púpọ̀ nínú ohun tí a ń sè ti ń wá. Tòmátì, tàtàṣé àti àlùbọ́sà ń ti Òkè Ọya wá sí ọjà Mile 12, kí ọkọ̀ mìíràn tó tún gbé wọn wá sí ọ̀dọ̀ wa. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà yìí, ìkòkò wa ni ó kọ́kọ́ ń mọ̀. Ní 2016, kòkòrò kan tí a ń pè ní Tuta absoluta ba oko tòmátì jẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná, débi pé ìjọba ibẹ̀ kéde pé ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Ní ìparí oṣù kejì ọdún 2021, àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù Òkè Ọya dá ọjà dúró fún ọjọ́ mélòó kan, wọn kò jẹ́ kí ó wá sí Gúúsù. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù, owó ọkọ̀ sì fò sókè, oúnjẹ tí ọkọ̀ ń gbé sì bá a fò.

Nígbà tí nǹkan bá le báyìí, kí ni ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ máa ń kọ́kọ́ yọ kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀? Ẹ̀fọ́ ni. Ẹ wo ọ̀dọ́ tí ó ń ṣe iṣẹ́ lébìrà níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Búrẹ́dì ni láàárọ̀, índómì ni lọ́sàn-án, ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ata tí ó ṣàn bí omi ni lálẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan lè kọjá kí ewé kan má kan ẹnu rẹ̀. Ó yó lóòótọ́, ṣùgbọ́n yíyó ikùn yàtọ̀ sí kí ara rí ohun tí ó ń fẹ́ gbà. Ohun tí ó ń bà wá lẹ́rù gan-an nìyí: ebi tí a kò mọ̀ pé ebi ni.

TA NI Ó NÍ OÚNJẸ ÌṢẸ́ NI?

Ìdí kejì tí ẹ̀fọ́ fi ń kúrò lórí àwo wa ni ojú tí a fi ń wò ó. Àlejò dé, a ń tijú láti gbé ẹ̀fọ́ síwájú rẹ̀, àfi bí ẹran bá bo orí rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ mìíràn kà á sí oúnjẹ ará oko. Èyí kò tọ̀nà. Àwọn baba wa tí wọ́n ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́ mọ iyì ohun tí wọ́n ń sọ. Àwọn ènìyàn a sì máa túmọ̀ ṣọkọ yòkòtò sí ẹ̀fọ́ tí ó ń mú kí ọkọ sanra kó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tí àwọn ará ìta ń sọ nípa ohun tí a ń tijú rẹ̀. Ní 2006, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, National Research Council, tẹ ìwé ńlá jáde lórí àwọn ẹ̀fọ́ Áfíríkà tí ayé kò kà sí. Tẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, ṣọkọ wà níbẹ̀, ilá àti ẹ̀gúsí wà níbẹ̀. Kódà, orúkọ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ṣọkọ ni Lagos spinach, èyíinì ni ẹ̀fọ́ Èkó. Orúkọ ìlú wa ni wọ́n fi pe ẹ̀fọ́ náà, àwa tí a ń gbé Èkó ni a wá ń sá fún un.

Ewédú ńkọ́? Àwọn ará Íjíbítì ń jẹ ẹ́, mulukhiyya ni wọ́n ń pè é. Khalifa Al-Hakim, tí ó jọba ní Kairo láti 996 títí di 1021, fòfin dè é pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́ mọ́. Ọba náà lọ, òfin rẹ̀ bá a lọ, ṣùgbọ́n ní Kairo lónìí, ilé olówó àti ilé tálákà ni wọ́n ṣì ń se mulukhiyya. Ìṣápá tí ó wà létí ọ̀nà níbí, àwọn ará Sudan àti Íjíbítì ń fi òdòdó pupa rẹ̀ ṣe ohun mímu tí wọ́n fi ń ṣe àlejò. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má tijú ewé. Ẹni tí ó ń jẹ ẹ̀fọ́ kò rẹlẹ̀.

MÉLÒÓ NI Ó TÓ, KÍ NI Ó SÌ Ń ṢE LÁRA?

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbà wá níyànjú pé kí àgbàlagbà máa jẹ gíráàmù 400 èso àti ẹ̀fọ́ pọ̀ lójúmọ́, ó kéré tán. Iṣu, ẹ̀gẹ́, kúkúńdùkú àti ànàmọ́ kò sí nínú ìṣirò yìí, nítorí oúnjẹ tí ó ń fún wa ní agbára ni wọ́n. A lè pín gíráàmù 400 náà sí ọ̀nà márùn-ún, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ gíráàmù 80. Ìpín kan bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀fọ́ tí a ti sè kò ju ṣíbí ìjẹun ńlá mẹ́rin tí ó kún dáadáa lọ. Ọsàn kan tí kò kéré jù náà jẹ́ ìpín kan.

Ẹni tí ó ní ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè ṣe ìṣirò rẹ̀ kí ẹ̀rù bà á. Kí ó má bẹ̀rù. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó dé òkè àjà lọ́jọ́ kan. Bí ìdílé kan kò bá jẹ ẹ̀fọ́ rárá láàárín ọ̀sẹ̀, ṣíbí mẹ́rin lójúmọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ti jẹ́ ìlọsíwájú ńlá. Díẹ̀díẹ̀ ni ọjà ń kún.

Ní ti iṣẹ́ tí ẹ̀fọ́ ń ṣe, mẹ́rin péré ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé. Èkíní, ewé tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú dáadáa ní ohun tí ara ń sọ di fítámì A, èyí tí ojú fi ń ríran nínú òkùnkùn, tí ara ọmọdé sì fi ń bá àrùn jà. Èkejì, ó ní irin àti fólétì tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń sọ ọ́ fún aboyún lójoojúmọ́. Ẹ̀kẹta, ó ní pòtásíọ̀mù tí ó ń bá wa dín agbára iyọ̀ kù nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀kẹrin, apá kan wà lára ewé tí ikùn kò lè dà. Apá yìí ni ó ń mú ìgbẹ́ rọ̀, tí ó ń mú kí ènìyàn tètè yó, tí kì í sì í jẹ́ kí ṣúgà inú oúnjẹ ya wọ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

KÌ Í ṢE EWÉ NI Ó WỌ́N

Ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ fún ara wa. Bí a bá béèrè lọ́wọ́ ìyá ilé kan pé kí ló dé tí kò se ẹ̀fọ́, yóò ní ẹ̀fọ́ ti wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ bá a ka iye owó tí ó ná sórí ìkòkò ẹ̀fọ́ rírò tí ó sè kẹ́yìn. Ṣàkì wà níbẹ̀, pọ̀nmọ́ wà níbẹ̀, pánla wà níbẹ̀, epo pupa ń léfòó lórí rẹ̀. Ẹ yọ gbogbo wọn sọ́tọ̀, kí ẹ wo owó ewé nìkan. Ìgbà náà ni yóò hàn pé ohun tí à ń kó sí ewé ni ó wọ́n, kì í ṣe ewé.

Bí a bá mọ èyí, a ti rí kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ìrù díẹ̀, edé gbígbẹ tí a gún, ata, àlùbọ́sà kan àti ṣíbí epo méjì tó láti mú ìkòkò ẹ̀fọ́ dùn. Epo náà ṣe pàtàkì, nítorí ara kì í lè gba fítámì A inú ewé dáadáa bí kò bá sí òróró díẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣíbí méjì kì í ṣe ìgò kan. Ẹ má sì yọ́ epo pupa títí yóò fi funfun, nítorí ohun tí ó ń mú un pupa gan-an ni ara ń sọ di fítámì A, iná sì ń jó o nù. Ẹni tí kò lágbára ẹran lè fi ẹ̀gúsí tàbí ẹ̀wà sí i.

ỌGBỌ́N ỌJÀ

Èkíní, ẹ jẹ ohun tí ó wà lásìkò. Láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá tí òjò ń rọ̀ ní Èkó, ewé ń pọ̀, owó rẹ̀ sì ń wálẹ̀. Bí tòmátì bá wọ́n, ẹ má dá ọbẹ̀ dúró nítorí rẹ̀. Ewédú kò nílò tòmátì, ilá kò nílò rẹ̀, gbúre tí a fi ata àti ìrù sè kò nílò rẹ̀.

Èkejì, ẹ má jẹ́ kí ewé kan ṣoṣo dè yín. Ṣọkọ àti ùgwù nìkan kọ́ ni ẹ̀fọ́. Tẹ̀tẹ̀ wà, gbúre wà, amúnútutù wà, ẹ̀bọ̀lọ̀, ògúnmọ̀, yánrin àti ewúro wà. Àwọn ewé kan sì wà tí a ń dà nù tí ó jẹ́ oúnjẹ: ewé kúkúńdùkú, tí wọ́n ń jẹ gan-an ní Sàró àti Làìbéríà, ewé elégédé àti ọ̀mùnú ewé ẹ̀wà.

Ẹ̀kẹta, ẹ pa owó pọ̀. Ìdílé mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú ọgbà kan lè dá owó jọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n rán ẹnì kan lọ sí ọjà Ajah tàbí Mile 12 láti ra ìdì ńlá, kí wọ́n sì pín in nígbà tí ó bá dé. Owó ọkọ̀ ẹnì kan ni wọn yóò san dípò ti ènìyàn márùn-ún. Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin tí ẹ jẹ́ mẹ́rin nínú yàrá kan, ọ̀rọ̀ yín nìyí. Ẹ má ní obìnrin kò sí nínú ilé. Ẹni tí ó lè fi iná sábẹ́ índómì lè gé ẹ̀fọ́ pẹ̀lú.

FI EWÉ KÚN OHUN TÍ O TI Ń SÈ

Ọ̀nà tí ó rọrùn jù lọ kò gba ìkòkò kejì. Ohun tí a ti ń sè tẹ́lẹ̀ ni a ó fi ewé kún. Bí àsáró bá kù díẹ̀ kí ó jinná, ẹ da ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀fọ́ tí a gé wẹ́wẹ́ sí i. Bí ẹ̀wà bá rọ̀, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bu gbúre sí ẹyin tí ẹ fẹ́ dín. Ẹ gé ewé wẹ́wẹ́ sínú mọ́ínmọ́ín kí ẹ tó pọ́n ọn. Ẹni tí kò lè fi índómì sílẹ̀, kí ó kúkú fi ẹ̀kúnwọ́ ewé àti àlùbọ́sà sí i, kí ó sì dín iyọ̀ inú àpò kékeré rẹ̀ kù. Ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ jẹ́ oúnjẹ àárọ̀ tí àwọn ìyá wa mọ̀ dáadáa, kò sì yẹ kí ó parẹ́ nítorí búrẹ́dì.

Ní ti ọmọ ọwọ́, bí ó bá pé oṣù mẹ́fà tí ó sì bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ pẹ̀lú ọmú, ewédú tí a jọ̀ kúnná tí a pò mọ́ gbẹ̀gìrì dára fún un. Ọmọ tí ó mọ adùn ewé láti kékeré kò ní í máa ṣà á kúrò nínú àwo nígbà tí ó bá dàgbà. Ṣùgbọ́n ojú bàbá ni ọmọ ń wò. Bàbá tí ó ń ti ẹ̀fọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, kí ó má bínú bí ọmọ rẹ̀ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀.

FÍFỌ̀ ÀTI SÍSÈ

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, onígbáméjì jà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, Etí-Ọ̀sà tiwa yìí sì wà lára àwọn ibi tí ìjọba kọ́kọ́ dárúkọ. Nítorí náà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ fífọ̀ ṣeré. Ẹ̀fọ́ tí a gbìn sẹ́bàá gọ́tà, tàbí tí ẹni tí ó ń tà á fi omi tí kò mọ́ wọ́n kí ó lè máa tutù, lè gbé àrùn wọlé. Omi mímọ́ ni kí ẹ fi fọ ewé, léraléra, títí iyanrìn kò fi ní í sí nísàlẹ̀ abọ́ mọ́. Odindi ni kí ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gé e. Bí ẹ bá gé e tán kí ẹ tó máa fọ̀ ọ́, púpọ̀ nínú oore ara rẹ̀ ni yóò bá omi lọ. Èyí tí a óò jẹ ní tútù gba ìṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí àrùn bá wà nílùú, ẹ sè é.

Ohun mìíràn ni oògùn kòkòrò. Ní 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa dichlorvos nínú ìgò kékeré, nítorí pé àwọn ènìyàn ń lò ó nílòkulò, títí kan orí oúnjẹ. Májèlé ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi í sí ẹ̀fọ́ tí a fẹ́ jẹ tàbí èyí tí a fẹ́ tọ́jú pamọ́.

Nígbà sísè, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó máa ń bọ ẹ̀fọ́ pẹ́, tí a ó fún un, tí a ó sì da omi rẹ̀ nù. Omi tí a dà nù yẹn ti kó fítámì C àti fólétì lọ. Ohun tí ó dára jù ni kí ata àti epo jinná ná, kí a tó da ewé sí i nígbẹ̀yìn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún tó fún ewé tí ó rọ̀. Káún tí a ń fi sí ewédú náà ń ba fítámì jẹ́. Bí a bá fi ìjábẹ̀ jọ ewédú dáadáa, kò nílò káún púpọ̀, ó tilẹ̀ lè má nílò rẹ̀ rárá. Bí ọsàn tàbí tòmátì díẹ̀ bá tẹ̀ lé oúnjẹ, ara yóò rí irin inú ewé gbà dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí tíì dúró di wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ, nítorí ó máa ń dí irin náà lọ́nà.

Ewé méjì ni ó yàtọ̀ sí òfin ìṣẹ́jú mẹ́ta yìí. Èkíní ni ewé tí a ń pè ní ẹ̀fọ́ Ìyànà Ìpájà, èkejì ni ewé ẹ̀gẹ́. Májèlé wà nínú wọn ní tútù. A gbọ́dọ̀ se ẹ̀fọ́ Ìyànà Ìpájà tó ogún ìṣẹ́jú, ó kéré tán. Ewé ẹ̀gẹ́, a ó gún un, a ó sì sè é pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ̀ wọ́n mu ní tútù.

ÌTỌ́JÚ

Iná mànàmáná kò dá wa lójú, nítorí náà, kí a má gbé gbogbo ìrètí wa lé fíríìjì. Ìyá wa àgbà kò ní fíríìjì, síbẹ̀ òrúnlá wà nínú ilé wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ilá tí ó pọ̀ nígbà òjò, ẹ gé e, ẹ sá a kí ó gbẹ, ẹ gún un, ẹ sì rọ ọ́ sínú ìgò tí ó ní ìdérí. Ewédú àti ewúro náà ṣe é sá. Ibòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ni kí ẹ sá ewé sí, nítorí oòrùn gangan ń ba fítámì A jẹ́. Ewé tútù tí a fẹ́ lò lọ́la, ẹ má fọ̀ ọ́ ná. Ẹ fi aṣọ tí ó tutù díẹ̀ wé e, kí ẹ gbé e síbi tí kò móoru.

GBÍGBÌN NÍNÚ ÀPÒ

Ẹnìkan yóò wí pé iyanrìn ni ilẹ̀ wa, kí ni à bá gbìn? Èsì ni pé ilẹ̀ kọ́ ni a ó gbìn ín sí. Àpò ìrẹsì tí ó ti tán, korobá tí etí rẹ̀ ti ya, abọ́ ọ̀rá tí ó ti fọ́, gbogbo wọn dára, bí kò bá ti jẹ́ pé kẹ́míkà tàbí ọ̀dà ni wọ́n fi í rọ tẹ́lẹ̀. Ẹ lu ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi lè máa jò. Ẹ po ilẹ̀ dúdú ọ̀nà méjì pọ̀ mọ́ ajílẹ̀ ọ̀nà kan. Ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ti jẹrà dáadáa dára, ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣì tutù yóò jó ewé, ó sì lè kó àrùn bá ènìyàn. Ibi tí oòrùn ti ń tàn tó wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà lójúmọ́ ni kí ẹ gbé e sí.

Tẹ̀tẹ̀ ni kí ẹni tí kò gbìn rí fi bẹ̀rẹ̀. Irúgbìn rẹ̀ kéré púpọ̀, ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí ẹ tó wọ́n ọn, kí ó má bàa hù jọ síbì kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni ó ti tó jẹ. Bí ẹ bá gé e tí ẹ fi ìsàlẹ̀ igi rẹ̀ sílẹ̀, yóò tún yọ. Irúgbìn ewédú le lára, kì í tètè hù. Ẹ dì í sínú aṣọ, ẹ tì í bọ inú omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré, ẹ yọ ọ́, ẹ jẹ́ kí ó tutù kí ẹ tó gbìn ín. Gbúre àti ewúro kò nílò irúgbìn. Igi wọn tí ẹ ra lọ́jà, lẹ́yìn tí ẹ bá já ewé rẹ̀ jẹ tán, ni kí ẹ fi gún ilẹ̀. Ewúro kan tí ó bá mú lẹ́yìn ilé lè bọ́ ilé fún ọdún púpọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìmọ̀ jinlẹ̀ sí i, ilé-iṣẹ́ ìwádìí NIHORT wà ní Ìbàdàn láti 1975, ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ àti èso ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ti omi, àwọn kànga kan wà létí òkun níbí tí omi wọn ní iyọ̀, iyọ̀ sì ń pa ẹ̀fọ́. Omi òjò dára ju ú lọ, ṣùgbọ́n ẹ bo ohun tí ẹ fi gbè é kí ẹ̀fọn má bàa yé sí i. Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ rò. Omi àlùwàlá tí ó ń ṣàn lọ sínú gọ́tà ní mọ́ṣáláṣí wa lójoojúmọ́, nígbà márùn-ún, kò ní ọṣẹ nínú. Bí a bá fi abọ́ gbè é, tàbí tí a darí rẹ̀ sí ẹsẹ̀ àwọn àpò ẹ̀fọ́ tí a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò ní í ṣòfò. Ẹ̀fọ́ tí ó bá jáde níbẹ̀ lè máa lọ sọ́dọ̀ àwọn opó àti arúgbó àdúgbò. Ẹ sì rántí pé ó wà nínú hadiisi tí Anas gbà wá, tí Bukhari àti Muslim kọ sílẹ̀, pé sàárà ni fún Mùsùlùmí tí ó bá gbin ohun tí ènìyàn, ẹyẹ tàbí ẹran jẹ nínú rẹ̀.

NÍ OṢÙ ÀWẸ̀

Ìgbà àwẹ̀ ni a máa ń rí àṣìṣe yìí kedere. Àkàrà, dòdò, pọ́fùpọ́fù àti ohun mímu tí ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀ ni ó máa ń kún iwájú ẹlòmíràn nígbà ìṣínu. Kí ilẹ̀ tó mọ́, inú rẹ̀ ti wú, ìgbẹ́ rẹ̀ sì ti le. Lẹ́yìn dàbínù àti omi, ẹ jẹ́ kí èso tẹ̀ lé e, kí ọbẹ̀ tí ewé wà nínú rẹ̀ sì bá oúnjẹ rìn. Nígbà sààrì pàápàá, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ń pẹ́ nínú ju búrẹ́dì funfun lọ.

ÌKÌLỌ̀ KÉKERÉ

Ẹ̀fọ́ dára, ṣùgbọ́n oúnjẹ ni, kò lè rọ́pò oògùn tí dókítà kọ. Ẹnikẹ́ni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ tìtorí pé ó ń mu omi ewúro dá oògùn rẹ̀ dúró. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa, tàbí tí ó ń lo oògùn warfarin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí ó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó yí bí ó ṣe ń jẹ ewé padà.

OHUN TÍ A BẸ̀ YÍN LÁTI ṢE

Ọ̀rọ̀ tí a kò bá fi sílò, ariwo lásán ni. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ jẹ́ kí ilé kọ̀ọ̀kan ṣe báyìí. Lọ́sẹ̀ kìn-ín-ní, ẹ fi ẹ̀kúnwọ́ ewé kan kún oúnjẹ kan lójúmọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ ra ewé kan tí ẹ kò tí ì jẹ lọ́dún yìí. Lọ́sẹ̀ kẹta, kí ìdílé mẹ́rin pa owó pọ̀ ra ọjà. Lọ́sẹ̀ kẹrin, ẹ gbin àpò tẹ̀tẹ̀ kan. Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ṣáájú nínú ti àpò yìí, nítorí ẹ̀yin ni ẹ ní agbára láti gbé ilẹ̀ àti omi. Kí àwọn ìyá wa sì kọ́ yín ní ewé tí ẹ kò mọ̀ mọ́, kí ìmọ̀ náà má bàa bá àwọn àgbà lọ.

Kí Ọlọ́hun fi àlàáfíà sí ara wa, kí Ó fi ìbùkún sí ohun tí a ń jẹ, kí Ó jẹ́ kí ọwọ́ wa ká ohun tí ó mọ́ tí ó sì dára, kí Ó má sì jẹ́ kí a fi owó oúnjẹ ra oògùn. Àmín.